Ajá Tó Wọ Ìbọ̀sẹ̀ Méjì

Chizuru tó ń gbé yàrá òkè nílé mi ní Okayama kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ ajá níwájú rẹ̀ o, ilẹ̀ á ṣú bá yín níbẹ̀. Àríwá ló ti wá, níbi tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀kùn, ó wá kọ́ èdè àti ìwé ilẹ̀ wa ní yunifásítì. Ọdún kẹrin rẹ̀ nìyẹn, ọdún ìwé àṣejáde. Bí aago márùn-ún bá lù ní ogúnjọ́ oṣù kìíní tí ìwé ò tíì wọ fèrèsé ọ́fíìsì, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ sì ti búra pé kò sí ọdún tó ń bọ̀, ilé ọkọ ló kàn.

Ìwé kékeré tí ìyàwó ọlọ́tí kan fọwọ́ kọ láyé àtijọ́ ló ń tú wò. Ó ti kọ ogójì ojú ìwé nípa ajá obìnrin yẹn, yíǹkì ló fi kọ ọ́, lórí bébà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ní yàrá tirẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. A jókòó ti tábìlì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀ nítorí òtútù, à ń bó ọsàn, Bàbá Ogata aládùúgbò wa náà ń bá wa jẹ ẹ́. Mo ní, "Kà á sí wa létí jàre, kí èmi aláìkàwé náà lè dọ̀mọ̀wé."

Ó tún ohùn ṣe: "'Ọkọ mi rìnrìn-àjò, ó di oṣù tó ń bọ̀ kó tó padà. Ó dé ní àṣálẹ́. Ìdájí, inu. Mo rán ìbọ̀sẹ̀ méjì fún un.'"

Kì í ṣe inú tí ebi ń pa o. Inu ni à ń pe ajá.

Mo ní, "Ìbọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Méjì, Màmá."

"Ẹsẹ̀ mélòó ni ajá yín ní lọ́hùn-ún?"

"Mo ti ṣàlàyé ẹ̀ ní ojú ìwé kẹtàlélógún. Aṣọ ló wọ́n nígbà yẹn."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Bàbá Ogata dìde, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. "Ọ̀rọ̀ yín ti pọ̀ jù. Inu o!" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Chizuru ní, "Bàbá tún ń pe ajá wọn."

"Ajá wo? Bàbá Ogata ní ajá rí? Ó ní òun ń lọlé ni! Bá a ṣe ń wí i níbí nìyẹn."

Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá! Ó wà nínú gírámà èdè àtijọ́ tí mo há sórí! 'Ó dé ní àṣálẹ́. Ìdájí, ó lọ.'"

"Tọ́kọ ò sì sí nílé."

A wojú ara wa.

Mo ní, "Ajá ọ̀hún mọ̀nà o!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. "Ogójì ojú ìwé, Màmá! Ọjọ́ mẹ́rin!"

"Ẹkún ń ba yíǹkì jẹ́. Kọ òmíràn."

Ó ń kọ, èmi ń di ìrẹsì ní ìṣù-ìṣù sí i lẹ́nu, Bàbá Ogata ń lu ihò sí bébà, ó ń fi okùn dúdú dì í. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago márùn-ún lù nígbà tó dé fèrèsé yẹn, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ó yege. Ó ní nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n bi òun pé ta ló la òun lójú, òun dáhùn pé, "Bàbá kan tó ń lọlé ni, sà."

Ogójì ojú ìwé àkọ́kọ́ ńkọ́? Mo fi lẹ ihò ara ilẹ̀kùn bébà mi. Bí Bàbá Ogata bá ti mu tíì tán, á dúró kà á, á mi orí, á ní, "Ajá dáadáa." Á wá wọ bàtà. "Inu o!"

Èmi náà á ní, "Èwo nínú méjèèjì?"