Àáró Tí Kò Kan Ilé Wa

Háà! Bàbá Àbíkẹ́, ó mà wá di gbéré o! Jákọ́bù ọmọ Ajílété, ọkùnrin gíga tó máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, ẹ lọ, ẹ ò tiẹ̀ dágbére. Ta ni kí n máa bá jà báyìí? Ìjà wa ò tíì parí, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbàkigbà tí mo bá gbé e dé, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní, "Ìyá Àbíkẹ́, jẹ́ kó di ọ̀la." Ọ̀la ti dé, ẹ̀yin lẹ ò sí mọ́.

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa tẹ̀ sínú ìwé ìsìn ìrántí yín. Akọ̀wé ìjọ ní kí n kọ ọ́ pé ọkọ rere ni yín, bàbá rere, òpó nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kì í mu ọtí, ẹ kì í gbé ọwọ́ sókè sí mi, ẹ kì í jẹun tán láì ṣẹ́ ẹran kù sínú àwo fún ọmọ. Káfíńtà tó mọṣẹ́ ni yín. Àwọn Hausa àdúgbò ń pè yín ní Mai Kwano nítorí páànù tí ẹ ń kàn sórí ilé wọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ ìyẹn nìkan, tí mo fo ti ìjì yẹn dá, irọ́ ni mo pa mọ́ yín.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wà ní Sábóńgàrí Minna nígbà náà, ẹ rántí ìjì tó jà kí òmìnira tó dé, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú. Ọ̀sán gangan ni. Ó wó igi dóńgóyárò ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣí páànù lórí ilé bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Kò yọ oníṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kò yọ oníkéwú sílẹ̀. Àbíkẹ́ wà lẹ́yìn mi, kò tíì lè dá jókòó. Bàbá Àbíkẹ́, abẹ́ tábìlì iṣẹ́ yín ni mo sá sí, mò ń pariwo orúkọ Jésù. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, tí mo gbójú sókè, ojú ọ̀run ni mo rí.

Ohun tó bà mí lẹ́rù lẹ́yìn ìyẹn ni bí kálukú ṣe dákẹ́. Kò sẹ́ni tó pe ẹnì kejì pé kó wá ran òun lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí a bí sí Minna, tí Hausa yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ẹ lè má mọ ìdí rẹ̀. Tí èèyàn bá bẹ ọ̀wẹ̀, dandan ni kó dáná fún àwọn tó wá bá a ṣiṣẹ́. Kí la fẹ́ fi dáná? Àgbàdo ti rẹ, gàrí ti di ẹ̀bà láìfojú kan omi gbígbóná. Ìyá Sáfù, opó ará Ìlọrin tó ń ta ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, jókòó sínú yàrá tí kò lórí, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Mo bi í pé ṣé kò ní bẹ ọ̀wẹ̀ ni. Ó ní, "Haba! Ṣé omi lásán ni kí n gbé síwájú ọmọ ọlọ́mọ? Ojú á tì mí." Bó ṣe ń ṣe gbogbo wọn nìyẹn, òjò sì ń bọ̀.

Bàbá Àbíkẹ́, ẹ̀yin lẹ wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹ dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, ẹ kọjá lọ bá Àfáà Sálíù ní ilé kéwú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ sọ níbi méjèèjì. Ẹ ní kẹ́nikẹ́ni má bẹ ọ̀wẹ̀. "Àáró la máa ṣe. Àáró ò béèrè oúnjẹ. Wá bá mi ṣe tèmi, kí n wá bá ọ ṣe tìẹ, ó parí." Ara tu àwọn èèyàn. Orí èmi náà wú, mo ní ọkọ mi nìyẹn. Àfi ìgbà tí ẹ sọ bó ṣe máa kàn. Ilé kéwú ló ṣáájú, torí àwọn ọmọ tí òbí wọn wà lọ́nà jíjìn ń sùn níbẹ̀. Ilé Ìyá Sáfù tẹ̀ lé e. Tiwa ló kẹ́yìn pátápátá. Mo ní kí ló dé tí káfíńtà fúnra rẹ̀ á fi kẹ́yìn, tòun tọmọ ọwọ́? Ẹ ní, "Tí mo bá kọ́kọ́ ṣe tèmi, wọ́n á ní torí rẹ̀ ni mo ṣe pè wọ́n."

Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yín pa, ó di orí òrùlé, ìṣó lẹ́nu, òòlù lọ́wọ́. Ẹ ń ṣa ìṣó tó ti tẹ̀ nínú pàǹtírí, ẹ ń lù wọ́n tọ́ lórí òkúta. Ẹni tó bá ń kọjá á kí yín, "Sannu da aiki!" Ẹ máa ń kọ orin ìyìn lórí ilé kéwú, Àfáà á sì máa pariwo nísàlẹ̀ pé, "Jákọ́bù, kan ìyẹn dáadáa kó o tó kọrin!" Ó dùn ún wò. Mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàṣìṣe, mo sì sọ ọ́ lójú yín nígbà náà. Àáró, ti àgbẹ̀ ni. Oko àgbẹ̀ kan ò jìnnà sí tìkejì, tó bá kọ̀ tí kò wá, gbogbo abúlé á mọ̀ ọ́n lọ́lẹ. Àwa ará Sábóńgàrí, oníṣòwò ni wá. Bí páànù bá ṣe ń gun orí ilé ẹnì kan báyìí, ìsọ̀ rẹ̀ á ṣí. Ẹnì kan wọ rélúwéè lọ ra ọjà ní Kánò, kò tètè dé. Ẹlòmíì ní òun ní àlejò. "Mò ń bọ̀, Bàbá Àbíkẹ́, ẹ jẹ́ kí n ta díẹ̀ tó kù yìí." Ẹ̀yin ò sì yéé lọ bá wọn ṣe tiwọn. Nígbà tó máa fi kan ilé wa, ẹ̀yin àti Àfáà Sálíù, arúgbó tí kò lè gun àkàbà, lẹ kù.

Ibẹ̀ ni òjò ká wa mọ́. Òtútù àyà kọ lu Àbíkẹ́. Ní ọsibítù, èémí rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ igbá lórí iyanrìn. Mo kúnlẹ̀ fún yín níbẹ̀, lójú àwọn nọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ yín kí ẹ lọ kan ilẹ̀kùn wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ní, "A kì í sin àáró bí ẹni sin gbèsè. Ẹni tó bá rántí á wá." Mo ní, tọ́mọ mi bá kú ńkọ́? Ẹ jáde, ẹ lọ ṣa páànù tó ti ya, èyí tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, ẹ dá gun òrùlé nínú òjò, ẹ sì ń fi ọ̀dà dí ihò rẹ̀.

Ọlọ́run dá a sí. Òun ló jókòó níwájú yẹn lónìí. Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ẹ ó gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń dún. Òrùlé yẹn ṣì ń jò síbi tí mò ń kó aṣọ sí. Bàbá Àbíkẹ́, ẹ̀yin ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ ń kí wọn lọ́jà, ẹ̀ ń bá ọmọ wọn ṣeré, tí mo bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Ó dùn mí o. Ó ṣì ń dùn mí. Mo fẹ́ kí ẹ fi èmi àti ọmọ mi ṣáájú Sábóńgàrí, kó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo bi yín nígbà tí àìsàn yìí dá yín dùbúlẹ̀ pé ṣé ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn fojú mi rí. Ẹ di ọwọ́ mi mú, oorun sì gbé yín lọ.

Lọ́jọ́ tí a sin yín, mo se ìrẹsì fún àwọn tí ìjọ ní kó gbẹ́ ibojì. Ẹ mọ ilẹ̀ Minna, òkúta ni. Mo débẹ̀, mo bá àwọn agbẹ́lẹ̀ tí wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n ń wòran. Àwọn tó wà nínú ihò ni onísọ̀ tó lọ sí Kánò, ọ̀gbẹ́ni alálejò, àtàwọn ọmọ Ìyá Sáfù tó ti dàgbà. Onítẹ̀bọmi, Mùsùlùmí, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù, òógùn bò wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àfáà Sálíù tó jókòó sórí òkúta ni kò jẹ́ kí n bi wọ́n léèrè. Ó ní, "Gbé e padà, ọmọ mi. Àáró ni. Ó ti kan Jákọ́bù."

Mo fẹ́ bú wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń to èébú náà jọ. Kò jáde. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ké bí ọmọdé, wọ́n sì ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ.

Bàbá Àbíkẹ́, wọ́n rántí. Ẹ̀yin lẹ borí. Ṣùgbọ́n páànù ni èmi ì bá fẹ́, kí ẹ sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú mi. Mo ṣì ń bínú o, olówó orí mi. Ẹ sùn re. Ẹ máa sùn re o.