Ọjọ́ Tí Àwọn Ẹ̀gbọ́n Jókòó

Má bínú sí mi, ọmọ mi. Orí mi ti ń jò bí ọkọ̀ tó gbó; ohun tí mo kó sínú ẹ̀ lánàá, mo lè má bá a níbẹ̀ lónìí. Tí mo bá ṣi nǹkan sọ, ṣáà máa kọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ti bọ́ọ̀lù yìí, ó ṣojú mi.

O mọ̀ pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ ẹja ò fẹ́ ariwo. Nígbà tí mo fi omi sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò wa ní Bàríga bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn ta àwọ̀n sójú gòólù. Àwọ̀n ẹja mi ni mo fi ṣe é. Látìgbà náà ni mo ti ń gbé bẹ́ǹṣì mi sẹ́yìn gòólù, tí mò ń wò wọ́n.

Wọ́n mọ bọ́ọ̀lù gbá. Tí líìgì bá bẹ̀rẹ̀, Àkọkà ò lè dúró, Onípáànù ò lè dúró. Ọmọ ẹlẹ́ja kan wà tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Tó bá ń sáré, wàá rò pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀. Àmọ́ tó bá ti dé ibi tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá nà, ilé yá, àwa ni wọ́n máa ń nà. Lọ́dọọdún ni. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe wá. Àwọn ará Onípáànù á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alásè. Ẹ sè é tán, àwa la jẹ ẹ́."

Gbogbo wa la mọ ohun tó fà á, ẹnu ló wúwo. Tí èrò bá ti ń pọ̀ lórí pápá, àwọn ẹ̀gbọ́n àdúgbò tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ á padà wálé, pẹ̀lú bàtà tuntun àti ikùn ńlá, wọ́n á ní káwọn àbúrò bọ́ jẹ́sì fáwọn. Ta ló fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé kó lọ jókòó? Kóòṣì tó ń gé ìwé ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, àbúrò wọn lòun náà. Ilẹ̀ lá máa wò. Kí eré tó dé àbọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹni tó ṣíwájú wọn, bàbá ẹ ni. Má rẹ́rìn-ín, kọ ọ́.

Lọ́dún tó kọjá, a tún pàdé Onípáànù níbi ẹni-tí-wọ́n-bá-nà-ilé-yá náà. Ọmọ ẹlẹ́ja ti sọ fún kóòṣì pé tóun bá tún bọ́ jẹ́sì lọ́tẹ̀ yìí, òun ò ní gbá fún wa mọ́. Ọjọ́ pé, bàbá ẹ ti Palmgrove dé, ó ń so okùn bàtà. Ọmọ náà ti bọ́ jẹ́sì dé ọrùn. Mo wá pe bàbá ẹ.

"Wá jókòó tì mí. Ojú mi ò ríran jìnnà mọ́, máa sọ bọ́ọ̀lù náà fún mi."

Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ gbá a ni. Ẹ jẹ́ n pe ẹlòmíì fún yín."

"Ìwọ ni mo bí."

Ó wo èrò, ó wò mí, ó wá jókòó tòun ti bàtà. Nígbà táwọn yòókù rí i pé ọ̀gá wọn jókòó, wọ́n ń wá bá wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ǹṣì ń ké. Ojú mi ò ṣe nǹkan kan o. Mò ń rí aṣọ ìyá ẹlẹ́pà lódìkejì pápá.

Bàbá ẹ kọ́kọ́ ń fi ìbínú sọ ọ́ fún mi: wọ́n gbá a síbí, wọ́n gbá a sọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ń pariwo fáwọn ọmọ náà pé kí wọ́n sáré. Lẹ́yìn àbọ̀ eré, tí wọ́n ti pààrọ̀ ojú gòólù, ọmọ ẹlẹ́ja gé ẹni méjì sílẹ̀, ó fi bọ́ọ̀lù sọ àwọ̀n mi. Àwọ̀n náà fẹ̀ wá bá mi bí ìgbà tí ẹja ńlá bá kó sí i. Bàbá ẹ gbé mi nílẹ̀, èmi tí mo bí i. Ó ń sọ fún gbogbo ayé pé, "Àbúrò mi nìyẹn. Àbúrò mi ni."

Àwọn ará Onípáànù ò kí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, bàbá ẹ ló gbé bẹ́ǹṣì wá fúnra ẹ̀, kò mú bàtà bọ́ọ̀lù dání. A na àwọn tó bá wa gbá a. Nígbà tí wọ́n gbé ife fáwọn ọmọ náà, òun làwọn náà kọ́kọ́ gbé e fún, nítorí òun ló ṣíwájú àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó gbé e lé orí, gbogbo Bàríga tẹ̀lé e dé etí omi.

Ó tó báyẹn. Kà á fún mi látòkè. Gbé ohùn sókè dáadáa, bàbá ẹ wà ní pálọ̀.