Ẹyin Tí Mo Dà Nù

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Kò sí aràn nínú rẹ̀." Ẹnu ara mi ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Àíṣá ní gáà Fúlàní tó wà lẹ́yìn Mowe, lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ dókítà ẹran ní Ifọ̀.

Màlúù tí à ń sọ, abo dúdú kan ni, tó ní orúkọ Fúlàní tí ahọ́n mi kò lè pè. Èmi ń pè é ní Àdúmáadán. Lára rẹ̀ ni Ìyá Àíṣá ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú wàrà tó ń sè tà. Ṣùgbọ́n ọmú rẹ̀ ti ń gbẹ, egungun ìhà rẹ̀ ti yọ síta, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sì wú, ó rọ̀ bí àpò omi. Ọkọ ìyá náà, Àlhájì, ní bí kò bá ti sí àìsàn tí òògùn lè wò, alápatà ló kù. Ọjọ́ Ajé ni àwọn alápatà ń bọ̀.

Mo ti po ìgbẹ́ màlúù náà mọ́ omi iyọ̀ kí ẹyin aràn lè léfòó. Mo fi maikirosikópù wo ohun tó wà lókè omi, n kò rí nǹkan kan, mo sì da ìyókù nù. Síbẹ̀ ara mi kò balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde. Mo ṣí ìwé, mo pa á dé. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo tó sọ ọ́ fún Màmá Ògúnlànà, àgbà tó ń bójú tó yàrá àyẹ̀wò wa.

"Níbo ni wọ́n ti ń jẹko?" ni màmá bi mí.

"Ní àbàtà ẹ̀yìn Ibafo, mà."

"Ìgbín wẹ́wẹ́ inú àbàtà ló ń tú aràn tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù sórí koríko. Ẹyin aràn yẹn wúwo, kì í léfòó, ìsàlẹ̀ ló ń jókòó sí. Kí lo fi ìsàlẹ̀ omi yẹn ṣe?"

"Mo dà á nù, mà."

Màmá kò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Mo pe Àlhájì títí, fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo wọ mọ́tò, mo sọ̀, mo gun ọ̀kadà, mo ń yọ ọlọ́kadà lẹ́nu pé kó yára, títí tó fi bi mí bóyá ìyàwó mi ló ń rọbí. Nígbà tí mo dé gáà, okùn nìkan ló kù lẹ́sẹ̀ èèkàn.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àíṣá níbẹ̀, nínú ìgbẹ́ màlúù. "Ẹ má bínú, mà. Àṣìṣe mi ni. Àìsàn ló ń ṣe é, òògùn rẹ̀ sì wà."

"Ẹ dìde, dókítà." Ìyá náà wọ àárín agbo lọ, ó fa ẹgbọrọ abo dúdú kan jáde. "Ọmọ rẹ̀ nìyí. Ẹ wò ó dáadáa."

Mo gba ìgbẹ́ ẹgbọrọ náà lọ sí Ifọ̀, omi lásán ni mo sì fi fọ tèyí. Mo sẹ́ ẹ, mo jẹ́ kó silẹ̀, mo rọra da omi òkè nù, mo tún bu omi mìíràn sí i. Màmá Ògúnlànà ní ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó; ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣe é. Ẹyin mẹ́rin ni mo rí nígbà tí mo fi maikirosikópù wo ìsàlẹ̀ omi náà, àwọ̀ wọn dà bí oyin. N kò tíì rí àìsàn kí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì tì mí pé inú mi ń dùn.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àíṣá fúnra rẹ̀ ló di ẹgbọrọ náà lórí mú nígbà tí mo ń da òògùn sí i lẹ́nu. Nígbà tí ẹgbọrọ náà gbé e mì tán, òun náà ló fi okùn Àdúmáadán so ó mọ́ èèkàn.