Ìka Méjì Ọ̀gá Kàrímù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara da ìwé yìí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó kú, ọwọ́ mi sì mọ sípánà ju bírò lọ. Ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá máa ń nira fún mi, ká má tíì sọ ti kíkọ.

Nígbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba, tí ohun èlò ẹ̀rọ wọ́n bí ojú, mo ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Kàrímù ní Ìlàré, ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀rọ kéékèèké ni à ń tún ṣe: jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ata, ẹ̀rọ tí ń fa omi. Ọ̀ràn iná inú wọn ni tiwa. Kọ́ìlì ló ń pèsè iná, wáyà kan á gbé e lọ fún pọ́lọ́ọ̀gì, pọ́lọ́ọ̀gì á sì ṣáná sí bẹntiróòlù. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò jí, ọ̀gá á yọ wáyà náà lára pọ́lọ́ọ̀gì, á fi ìka méjì di ẹnu rẹ̀ mú, á ní kí n fa okùn tí ń yí ẹ̀rọ náà. Bí iná bá gbé e, kọ́ìlì ṣì dára. Bí kò bá gbé e, kọ́ìlì ti kú nìyẹn, a kì í wo ibòmíràn mọ́.

Èmi ni mo ń fa okùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá délé, apá mi kì í lè sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Mùlíká gbé ẹ̀rọ ata rẹ̀ wá láti Modákẹ́kẹ́. Bó ṣe rí mi, ó pòṣé.

"Kàrímù, ṣé ọkùnrin ti tán ní Ifẹ̀ ni?"

"Irùngbọ̀n kọ́ la fi ń tú nọ́ọ̀tì, Ìyá Mùlíká. Ẹ jókòó."

Mo fa okùn. Ọ̀gá di wáyà mú. Mo tún fà á. Ojú rẹ̀ kò yí.

"Kọ́ìlì ti kú. Àfi kí ẹ lọ wá òmíràn ní Ìbàdàn."

Obìnrin náà ní, "Ẹ̀rọ ìránṣọ Mùlíká ni n ó tà nìyẹn. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ aṣọ́ rán. Mọ́tò àkọ́kọ́ ni n ó bá lọ lọ́la."

Mi ò mọ Mùlíká rí, ṣùgbọ́n gbogbo ara ni ọ̀rọ̀ yẹn fi dùn mí.

Ó lọ tán, ọ̀gá ní kí n yọ kọ́ìlì náà, òun fẹ́ lọ kírun Àsárì. Mo fa okùn díẹ̀ kí irin tó bo nọ́ọ̀tì kọ́ìlì lè yí kúrò. Ọwọ́ mi kejì kan ẹnu wáyà. Iná gbé mi láti ìka dé èjìká, sípánà sì fò sínú gọ́tà. Mo rò pé àárẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Mo tún un ṣe, iná tún gbé mi.

Mo wá tú pọ́lọ́ọ̀gì. Ibi funfun ara rẹ̀ ti sán. Mo fi òmíràn tó dára sí i, mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ náà sì jí. Kò pẹ́ tí mo pa á ni ọ̀gá wọlé.

"Ta ló mú ẹ̀rọ yẹn jí?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Pọ́lọ́ọ̀gì ni."

"Ìka mi ò purọ́ rí. Dìde, fa okùn."

Ó yọ wáyà, ó dì í mú. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó di pákò mú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí páìpù èéfín tó ṣì gbóná. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn awọ tó ń jó. Mo fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti lé ròrò. Àwa méjèèjì jọ ń wò ó.

"Ẹsẹ̀ ni ara kíkú yìí ti bẹ̀rẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo rò pé kò tíì dé ọwọ́." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Gbogbo kọ́ìlì tí mo ti ní kí àwọn èèyàn sọ nù lọ́dún yìí ńkọ́, Bọ́sẹ̀?"

Mo bu omi sí ọwọ́ rẹ̀.

"Bí wọ́n bá gbọ́, ta ni yóò tún gbé ẹ̀rọ wá?"

Kò rán mi níṣẹ́ kankan. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gba ilé lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ara ń ro mí, síbẹ̀ mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Modákẹ́kẹ́. Mo bá Ìyá Mùlíká lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lórí rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ ti wú sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ọ̀gá ní kí ẹ má lọ mọ́. Ẹ̀rọ yín ti jí. Pọ́lọ́ọ̀gì ni."

"Ṣebí kọ́ìlì ló pè é lánàá?"

"Wọ́n tún un wò, mà."

"Kàrímù fúnra rẹ̀?"

"Àwọn ni, mà."

Mo gba ẹ̀rọ ìránṣọ náà lórí rẹ̀, mo gbé e padà wọlé.