Àríwá Alàgbà

Títí di òní, bí mo bá rí kọ́ńpáàsì, inú mi kì í dùn. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Erínje, ẹsẹ̀ ìyá mi wú débi pé tìrora-tìrora ló fi ń rìn. Wòlíì ìjọ aládùúrà wa ríran pé kó lọ wẹ̀ nínú odò kan tó wà ní àríwá ilé ìjọsìn, kí oòrùn tó dé àtàrí. Wọ́n ní ọ̀nà oko tí gbogbo ayé ń tọ̀ kò mọ́ tó, àárín igbó ni ká gbà.

Alàgbà kan ní òun á ṣamọ̀nà. Ó ti bá àwọn agégẹdú ṣiṣẹ́ rí, ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó sì fún un ní kọ́ńpáàsì kan nígbà tó ń lọ sílé. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ni yóò máa tọ́ka àríwá fún wa. Bó ṣe ń gbé e yọ níwájú ìjọ, ẹ ó rò pé òun ló dá àríwá.

Ẹsẹ̀ lásán la fi wọgbó, pẹ̀lú sùtánà. Agogo wà lọ́wọ́ ọ̀tún alàgbà. Ọwọ́ òsì ló fi di kọ́ńpáàsì mú pọ̀ mọ́ ọ̀pá irin ìjọ, nítorí èèwọ̀ ni kí ọ̀pá náà kan ilẹ̀, tàbí kí ẹlòmíràn gbé e, kí a tó dé odò. Ẹ gbọ́ mi o: irin gbọọrọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́ tí irin ń fà! Ibi tí alàgbà bá kọjú sí, ibẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ ń pè ní àríwá, àwọn ará á sì pariwo "Halelúyà!" Igbó dí, a ò rí oòrùn. Ẹ̀gún gún ìyá mi. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tó yá, alàgbà gbé kọ́ńpáàsì lé kùkùté, ó mú ọ̀pá rẹ̀ lọ gbàdúrà lábẹ́ igi kan lọ́hùn-ún. Lójú mi báyìí ni abẹ́rẹ́ yí padà, ó kọjú sí ibòmíràn. Bí bàbá náà ṣe padà sún mọ́ kùkùté, abẹ́rẹ́ tún yí tọ ọ̀pá lọ bí ewúrẹ́ tó rí èèpo gbágùúdá.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, irin yín ló ń ṣì í lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n mú kọ́ńpáàsì, kí n máa lọ níwájú."

"Tíṣà, ọ̀pá ìgbàlà lo pè ní irin?"

Bọ́rọ̀ ṣe parí nìyẹn. A rìn títí, a sì já sí ẹ̀yìn ẹbu epo tí a kọjá láàárọ̀. Oòrùn ti kúrò látàrí. Alàgbà kò wo ojú mi, ìyá mi ló kọjú sí.

"Ìyá, ẹ lọ yẹ ara yín wò. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn yín tó ń yí abẹ́rẹ́ yìí."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Òmùgọ̀ gbáà! Inú bí mi gan-an.

Nílé, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ irin fún ìyá mi títí ẹnu fi ro mí. Ó ní ó ti yé òun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ tó ń bi Ọlọ́run pé èwo nínú ẹ̀ṣẹ̀ òun ni. Kò rí i títí ó fi kú.