Ipa Bàtà Lórí Òdòdó

Àárọ̀ ọjọ́ kẹfà tí àwọn tí a jọ ń gbé ti ń to òdòdó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ni mo ṣí ilẹ̀kùn láti lọ síbi iṣẹ́, mo sì rí ipa bàtà kan láàárín òdòdó náà. Bàtà ọkùnrin ni, ó tóbi, iwájú rẹ̀ sì kọjú sí ilé. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lápá kan, bí ẹni pé eku gé e.

Mo mọ bàtà náà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń nu ipa rẹ̀ kúrò nílẹ̀ ilé ìdáná wa ní Chadwell Heath. Ọkọ mi ti já bọ́ láti orí àkàbà níbi iṣẹ́ kí a tó fẹ́ra wa. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀, tí gìgísẹ̀ bàtà ọ̀tún rẹ̀ kì í sì í pẹ́ jẹ. Mo ti ilẹ̀kùn padà, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti mọ́ mi lára bẹ́ẹ̀.

Becontree, ní ìlú òyìnbó níbí, ni ilé tí mo sá wá náà wà. Mo háyà yàrá kan lókè. Obìnrin ará Kẹ́rálà kan, ní ilẹ̀ Íńdíà, àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ìsàlẹ̀. A jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Nọ́ọ̀sì ni òun, èmi ń fọ aṣọ. Mo ju obìnrin náà lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà "Chechi" ló ń pè mí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin ní èdè wọn. Èmi ń pè é ní àbúrò mi.

Òun ló kọ́kọ́ rí ọrùn mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo fi áyọ́ọ̀nù jó ọrùn sùtánà ọkọ mi, ó sì fi wáyà áyọ́ọ̀nù náà fún mi lọ́rùn títí ojú mi fi ṣú. Ní ọjọ́ kejì mo fi síkáàfù bo ọrùn lọ síbi iṣẹ́. Àbúrò mi wò mí lẹ́ẹ̀kan, kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn sọ pé, "Chechi, yàrá òkè ilé wa ṣófo." Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kó aṣọ mi jáde.

Báwo wá ni ọkọ mi ṣe mọ ilé náà? Ọwọ́ ara mi ni. Nínú ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun, bí ìṣòro bá bá èèyàn, a máa ń kọ orúkọ wa, orúkọ ìyá wa àti ibi tí à ń gbé sínú ìwé, a ó sì gbé e sórí pẹpẹ fún àdúrà ọjọ́ méje, kí áńgẹ́lì tí wọ́n bá rán sí wa má baà ṣìnà. Mo kọ tèmi. Mo kọ nọ́ńbà ilé pẹ̀lú. Alàgbà wa ló ń ka àwọn ìwé náà.

Mo pè é láti orí àtẹ̀gùn yẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ẹ fún ní àdírẹ́sì mi?"

"Ọkọ yín náà ni, arábìnrin. Ó sunkún lẹ́sẹ̀ mi. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ní kí ẹ jọ yanjú ẹ̀ nínú ilé."

"Ó fẹ́ pa mí, sà."

"Èṣù ni. Ọkọ yín kọ́."

Mo pa fóònù. Nígbà yẹn ni àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ jáde láti yàrá wọn. Ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì, yọjú wo òdòdó náà.

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni," ló wí. "Wọ́n ti pọ̀ jù ní àdúgbò yìí."

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó wọ bàtà nọ́ńbà mọ́kànlá?" ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

"Bóyá ó rí i rà ní ẹ̀dínwó."

Wọ́n rí ojú mi, ẹ̀rín sì tán. Àbúrò mi wọlé, ó mú rúlà pélébé tó fi ń wọn egbò àwọn arúgbó wa jáde, ó fi í lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa bàtà náà, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Bó ṣe máa ń ya egbò gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó sì ń fi òdòdó tuntun dí ojú ipa náà, ewé kan lẹ́yìn ewé kan, títí mi ò fi rí i mọ́.

Àwọn ọlọ́pàá gba fọ́tò náà. Kóòtù fún mi ní ìwé pé ọkọ mi kò gbọdọ̀ sún mọ́ òpópónà wa. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ni, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Ọdún ìkórè wọn ni wọ́n ń to òdòdó náà fún. Onam ni wọ́n ń pè é. Onígbàgbọ́ ni àbúrò mi, ṣùgbọ́n ó ní gbogbo ilé, ìsìn yòówù kí wọ́n máa ṣe, ló ń ṣe é. Wọ́n ní ọba rere kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n tì sí abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì gbà fún un kó máa padà wá wo àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Òun ni wọ́n ń to òdòdó dè fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n ń retí kò tẹ òdòdó. Ẹni tí mo sá fún ló tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ ọdún, mo ní mi ò lọ. Àbúrò mi ní bí mo bá dá wà nílé, òun náà ò ní jẹun. Ni mo bá bá wọn lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Becontree Heath. Mo yan àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú olúkúlùkù, wọ́n sì ń bu oúnjẹ lé e díẹ̀díẹ̀: ìrẹsì, ìpékeré, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi àgbọn sè, máńgòrò aláta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọwọ́ kó ìrẹsì nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí ọkùnrin gíga kan sì wọlé pẹ̀lú igbe.

Abẹ́ tábìlì ni mo bá ara mi. Ife omi mi ti dà sílẹ̀. Àwọn ọmọdé kan ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dé adé, ó sì fa irùngbọ̀n rẹ̀ sísàlẹ̀.

"Chechi, èmi ni. Awakọ̀ yín ni. Ẹ fọwọ́ kan ikùn mi, ìrọ̀rí ni."

Ọkọ àbúrò mi ni, tó múra bí ọba náà. Mo fọwọ́ kan ìrọ̀rí náà kí n tó gbà á gbọ́.

Mo jẹun tán, mo sì ká ewé mi síta, síhà ọ̀dọ̀ ẹni tó kọjú sí mi, bí mo ṣe máa ń ti ewé ẹ̀kọ sọ́nà ọ̀hún. Àbúrò mi na ọwọ́, ó tú u, ó sì ká a padà sí ọ̀dọ̀ mi.

"Báyìí ni, Chechi. Ilé ọ̀fọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ká a síta."

Nígbà tí ọdún parí, kò fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ lásán. Ní ìdájí ló ń bu ìyẹ̀fun ìrẹsì sórí pèpéle, ó ní àṣà ìyá òun ni, èmi náà sì mọ̀ pé nítorí mi ni. Láràárọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń ka ìyẹ̀fun náà kí n tó gbẹ́sẹ̀. Ẹyẹ. Ológbò. Ẹni tó ń pín lẹ́tà. Ní oṣù òtútù, ipa bàtà náà tún wà níbẹ̀. Àbúrò mi mú rúlà jáde. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn ọlọ́pàá mú ọkọ mi, ó sì ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn tó jáde, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Mo ń bá ìyẹ̀fun lọ.

Ọdún wọn tún yí po. Lọ́dún yìí, ilé la ti fẹ́ jẹun, nítorí àbúrò mi ní iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo wo ojú fèrèsé. Alàgbà wa ni. Ó rí òdòdó náà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì gba orí koríko tútù yí i ká pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Mo ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, mi ò tú ẹ̀wọ̀n rẹ̀.

"Arábìnrin, ọkọ yín ti lọ."

"Lọ síbo, sà?"

"Ó ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nínú yàrá rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Èmi ni wọ́n pè pé kí n wá wò ó."

"Bàtà rẹ̀ ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Lẹ́yìn náà ó dà bí ẹni pé ó yé e, nítorí ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀," ló wí. "Mo rí i. Ẹ dárí jì mí, arábìnrin."

Mo tú ẹ̀wọ̀n ilẹ̀kùn, mo ní kó wọlé wá mu omi. Kò wọlé.

Ní ọ̀sán a jókòó sí tábìlì ilé ìdáná, àwa mẹ́ta, ewé mẹ́ta. Mo sọ fún wọn. Ọkọ àbúrò mi fẹ́ sọ pé a dúpẹ́, ó gbé e mì. Mo jẹ ohun tí wọ́n bù fún mi. Ohun kan tí mi ò rántí láti ọjọ́ pípẹ́ wá sọ́kàn mi: ọdún tí a kọ́kọ́ dé ìlú yìí, nígbà òtútù, ọkọ mi máa ń jí ṣáájú mi láti fi ìbọ̀wọ́ mi sórí irin tó ń mú ilé gbóná, kó lè gbóná kí n tó jáde. Ọwọ́ kan náà tó mú wáyà ni.

Nígbà tí mo jẹun tán, mo mọ̀ọ́mọ̀ ká ewé mi síta. Àbúrò mi na ọwọ́ láti yí i padà, ó wo ojú mi, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.