Ọ̀rọ̀ Màmá Tí Mo Gbé Mì

Ará Sẹ́bíà ni ọ̀gá mi, àgbà onímọ̀ eré orí ìtàgé àti òǹkọ̀wé. Bódìjà ló gbé nígbà tó ń kọ ìwé lórí àwọn òṣèré wa tó máa ń gbé eré kiri ìlú. Èmi, ará Agbowó, ni ògbufọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń rán aṣọ àwọn òṣèré nílùú wọn títí ó fi kú, ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ síbì kan. Ó ní ohun tó sọ òun di òǹkọ̀wé nìyẹn: àwọn tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé lòun ń wá.

Lọ́jọ́ kan, a lọ sọ́dọ̀ Màmá kan ní Ẹlẹ́yẹlé, opó ọ̀gá òṣèré tí gbogbo ìlú mọ̀. Ọ̀gá mi béèrè bí ọkọ wọn ṣe máa ń ro eré. Màmá wò mí.

"Èmi ni mò ń rò ó. Ní balùwẹ̀, nídìí ààrò, níbi tí mo bá ti ráyè. Màá wá sọ fún ọkọ mi, òun á kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Sọ fún òyìnbó yìí bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ ọ́ rí."

Ẹ̀rù bà mí. Ọkọ Màmá ò tíì pé ọdún kan nínú ilẹ̀, ṣé ẹnu mi ni wọn ó ti gbọ́ irú èyí? Èmi ọmọlúàbí! Mo ní Màmá sọ pé àwọn a máa dáná kí ọkọ àwọn lè ráyè ronú. Ọ̀gá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ara Màmá fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún, síbẹ̀ mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ọ̀gá mi padà sílé, ó parí ìwé náà, ó sì kú láìpẹ́. Ohun tó ń wá kiri jókòó níwájú rẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ bò ó. Ojú ń tì mí di òní.

Ọmọ rẹ̀ fi ẹ̀dà ìwé náà kan rán mi sí Màmá. Lójú ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé, mo pinnu pé màá jẹ́wọ́. Màmá nu ọwọ́ mọ́ ìró kí wọ́n tó gbà á. Wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

"Ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ mi."

Mo ṣí ibi kan. Mò ń wo Gẹ̀ẹ́sì, mò ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ bí Màmá ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Màmá sunkún. Wọ́n ṣàdúrà fún òyìnbó, wọ́n ṣe fún èmi náà.

"Bá mi ká etí ojú ìwé yẹn. Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo fẹ́ kó kà á fún gbogbo ilé."

Mo bá wọn ká a.